Àmì Kútẹ́ẹ̀sì Lára Máṣíìnì Yaseer

Ìró kan wà tí Sàlíhà máa ń dúró dè ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun Màgíríbì. Ìró máṣíìnì ọkọ rẹ̀ ni, nígbà tó bá ń ti ọjà Kejetia bọ̀ wá sílé ní Asawase, nínú ìlú Kumasi. Kò jọ ti ẹlòmíì. Bí ó bá ti yà wọ àdúgbò wọn, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀, á máa dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sétí obìnrin tí kò sì fẹ́ kí ìyá òun gbọ́. Sàlíhà á yára nu ojú, á tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, á wá jókòó bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn ènìyàn rí, ẹ mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Ràzíátù, náà máa ń gbọ́ ọ. Òun ló máa ń ṣí géètì ilé fún ọmọ rẹ̀, tòun ti búta omi lọ́wọ́, kí Yaseer lè fọ eruku ọjà kúrò lọ́wọ́ àti lójú kó tó wọlé kírun.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ ni Yaseer kú. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ní Bantama, àìsàn náà ti jìnnà nínú ara rẹ̀. Ìgbéyàwó wọn kò tíì pẹ́. Ìkòkò tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ ọjọ́ ìyàwó ṣì wà nínú páálí rẹ̀.

Máṣíìnì náà ló ṣẹ́kù. Aṣọ ni Yaseer fi ń gbé fún àwọn oníṣòwò, láti Kejetia dé Bantama àti gbogbo ibi tí wọ́n bá rán an. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní omi tó ń tù ú lára bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀nà nìkan ló ń tù ú, afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò yí i ká kọjá. Bí ó bá wá há sínú èrò Kejetia tí ọ̀nà kò sí, afẹ́fẹ́ kò sí nìyẹn, ooru á sì bẹ̀rẹ̀. Yaseer bẹ̀rù ooru yẹn gan-an. Ó lọ ra ìdérí ọ́ìlì kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹrù wá láti Lomé. Ìdérí náà ní ojú bíi ti aago ọwọ́, ó ní abẹ́rẹ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ inú ọ́ìlì lọ láti mọ bí ó ṣe gbóná tó.

Ọjọ́ tó gbé e wálé, ó yọ́ wọ yàrá, ó mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí Sàlíhà kùn lọ́jọ́ ìyàwó, ó kán an tóló sójú ìdérí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà àádóje. Sàlíhà bá a níbẹ̀ kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní ṣé kútẹ́ẹ̀sì òun ló wá di ọ̀dà máṣíìnì báyìí, ṣé ọ̀la ni yóò fi ìbòrí òun nu táyà. Yaseer rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Má bínú, olólùfẹ́ mi,” ó ní. “Ibi tí pupa yìí wà, ọ́ìlì ti ń ṣàn bí omi nìyẹn, kò lè gba irin lọ́wọ́ irin mọ́. Tí abẹ́rẹ́ bá ti ń lọ síbẹ̀, màá rántí ẹni tó ni kútẹ́ẹ̀sì, màá sì dúró.”

Àmì kan ṣoṣo yẹn ló ṣe. Kò fi nǹkan kan sí ìsàlẹ̀, níbi tí ooru ti kéré. Ẹni tó ń gun máṣíìnì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ní Kumasi kò ní ìdí láti rò pé ọ́ìlì òun lè tutù jù.

Ìlérí kan sì wà tí kò mú ṣẹ. Ó ti ní òun yóò gbé Sàlíhà lọ sí adágún Bosomtwe lẹ́yìn Ààwẹ̀, àwọn méjèèjì lórí máṣíìnì kan, kí wọ́n jókòó sétí omi láti àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni má sì rán òun níṣẹ́. Ààwẹ̀ kọjá, iṣẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ibà dé.

Sàlíhà bọ́ sínú tákábà, bí àwọn ará Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí, ṣe ń pe ìjókòó opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú ilé, láìsí lọ́fínńdà, láìsí làálì, láìsí kútẹ́ẹ̀sì, láìsí ìjáde àfi tó bá di dandan. Máṣíìnì náà bá a ṣe é. Wọ́n gbé e sábẹ́ páànù ní ẹ̀gbẹ́ kànga, ó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ gan-an. Bí ó bá jí lóru tí ó ṣílẹ̀kùn, òun ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ànwár, àbúrò Yaseer, ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ máṣíìnì náà. Ó ń ta fóònù ní Kejetia, aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, bàtà rẹ̀ a máa dán. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà Gbajúmọ̀ ni Sàlíhà ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Ànwár ní máṣíìnì tó bá jókòó sójú kan yóò kú, wallahi, kí òun máa gùn ún lọ sọ́jà títí ìyàwó wọn yóò fi jáde. Sàlíhà kọ̀. Kò fẹ́ kí ẹ̀yìn ẹlòmíì wà níbi tí òun máa ń fẹ̀rẹ̀kẹ́ tì. Ó ní kí Gbajúmọ̀ má bínú, òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ànwár tún béèrè lẹ́yìn oṣù kan, ó tún kọ̀. Ànwár wá ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kàn máa fi ẹsẹ̀ ta á lójoojúmọ́, ó kéré tán.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní gbogbo àárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbá, opó náà á jáde nínú ìbòrí funfun rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ta máṣíìnì ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ta, ó sì mọ̀ ọ́n gùn. Yaseer ló kọ́ ọ lórí pápá ilé ìwé, láwọn ọjọ́ Sọ́ńdè tí àwọn ọmọ kò wá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbá, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́. Kété tí abẹ́rẹ́ náà bá ti gbọ̀n kúrò níbi tó sùn sí, á pa á. Kò jẹ́ kó dé ìdajì ọ̀nà lọ síbi pupa rí. Ó ń wò ó pé òun ń pa ọ̀rọ̀ Yaseer mọ́. Lójoojúmọ́ ló ń wọlé padà pẹ̀lú ìgbéraga kékeré kan lọ́kàn, ìgbéraga kan ṣoṣo tó kù ú kù.

Esi, ayálégbé tó ń se wáákyé, ìrẹsì òun ẹ̀wà, tà lẹ́nu géètì, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní máṣíìnì yìí dà bí àkùkọ tí ẹnìkan ń fún lọ́rùn: ó kọ, ó dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dun Sàlíhà tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìró tó ń dúró dè kò wá. Ohun tó ń gbọ́ láràárọ̀ le, ó ń há, ó ń kọ́, bí ọ̀fun ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Kò sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn níbẹ̀. Ó rò ó títí, ó wá gbà pé ọkàn òun ló ti yí padà, pé bóyá òun ti ń gbàgbé ohùn rẹ̀. Ẹkún tí ọ̀rọ̀ yìí fà, ó pọ̀ ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ. Ènìyàn lè kú lẹ́ẹ̀kan, kí ìyàwó rẹ̀ sì máa sọ ọ́ nù díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀.

Ìyá Ràzíátù ńkọ́? Bí Sàlíhà bá ti ta máṣíìnì báyìí, ìyá náà á dìde lórí àpótí tó jókòó lé, á wọ yàrá rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Kò bínú, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn tí ariwo bá dákẹ́ ni yóò tó jáde. Sàlíhà rò pé òun ni ìyá náà kò fẹ́ rí, nítorí ọmọ rẹ̀ kú sọ́wọ́ òun. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ń kọjú sí.

Ọjọ́ tí tákábà parí, Àlùfáà wá ṣe àdúà, wọ́n pín máásà, Sàlíhà wẹ̀, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí Yaseer fẹ́ràn. Ó ti pinnu tipẹ́. Bí àwọn àlejò bá ti lọ, òun yóò gun máṣíìnì náà lọ sí Bosomtwe. Ìlérí wọn ni, òun yóò mú un ṣẹ. Ó ta á, ó gbá, ó kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ó tún un ta. Èéfín funfun tú jáde, ó tún kú. Ó ta á títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ànwár wá di ọwọ́ rẹ̀ mú pé ó tó.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé máṣíìnì náà sẹ́yìn abobóyà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrù, wọ́n gbé e lọ sí Suame, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì, lọ́dọ̀ Alfred, ọmọ Aṣántì tó ti ń tún un ṣe láti ìgbà tí Yaseer ti rà á. Alfred kọ́kọ́ kí Sàlíhà, ó ní due, due, bí àwọn Aṣántì ṣe ń kẹ́dùn, ó sì yọ fìlà. Lẹ́yìn náà ló tú ìdérí ọ́ìlì. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe dúdú, kì í sì í ṣe àwọ̀ oyin. Ó funfun, ó ki, ó ń fà.

“Maame,” Alfred ní, “ta ló po tíì onímílíìkì sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ yín?”

Sàlíhà ṣàlàyé fún un. Ó sọ bí òun ṣe ń ta á láràárọ̀, bí òun ṣe ń pa á kíákíá, bí kò ṣe sún mọ́ pupa rí ní gbogbo oṣù mẹ́rin. Ó ń retí kí Alfred yìn ín. Alfred kò yìn ín, kò sì bá a wí. Ó jókòó sórí táyà, ó pe Sàlíhà sún mọ́ ìdérí náà, ó fi ìka hàn án nọ́ńbà ojú rẹ̀.

Ó ní òótọ́ ni pé ooru ń pa ẹ́ńjìnnì. Tí abẹ́rẹ́ bá kọjá ọgọ́fà, kéèyàn wá ọ̀nà tó ní afẹ́fẹ́. Tó bá fẹ́ kan àádóje, kéèyàn dúró kó sì pa á. Ṣùgbọ́n òtútù náà ń pa á. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ta máṣíìnì, omi díẹ̀ a máa dà sínú rẹ̀ bí ìrì, pàápàá nígbà òjò. Tó bá rìn jìnnà, tí abẹ́rẹ́ dúró láàárín àádọ́rùn-ún sí àádọ́fà fún ìgbà díẹ̀, omi yẹn á di oru, á bá tirẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá pa á kó tó gbóná, omi náà kò ríbi gbà. Á wọ inú ọ́ìlì. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi tuntun kún un.

Sàlíhà tẹjú mọ́ ọ́ìlì funfun náà. Ó ti gbà pé òun ń ṣọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rì í sínú omi, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́.

Ó béèrè bóyá ó ti kú. Alfred ní òun kò tíì mọ̀. Òun yóò da ọ́ìlì yìí nù, òun yóò fi ọ́ìlì mímọ́ fọ̀ ọ́, òun yóò tún fi tuntun sí i, òun yóò sì pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti mú irin inú rẹ̀ dípẹtà, kò sẹ́ni tó lè rí i láti òde. Kí wọ́n gbé e sọ́nà gígùn, kí ó gbóná dáadáa. Tó bá ń kanlẹ̀ gbì-gbì nígbà tó bá gbóná, ó ti parí, kí wọ́n máa gbé e bọ̀ kí wọ́n tú u tà. Tó bá rọlẹ̀, ó ti yè.

Ànwár ní òun yóò gùn ún. Sàlíhà ní rárá. Ànwár ní kó má tún bẹ̀rẹ̀, ìyàwó wa, ohun tó fà á tó fi ṣàìsàn náà nìyẹn.

“Gbajúmọ̀, mo mọ̀,” ó ní. “Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n fetí ara mi gbọ́ ọ, bó bá yè, bó bá kú.”

Ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì náà jáde. Láti ìgbà tó ti ṣe ìyàwó ni ìgò yẹn ti ń dín kù, ó sì ti ki nísàlẹ̀, ó ń fà bí oyin. Kò kùn ún sí èékánná. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó kán àmì kejì sójú ìdérí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àádọ́rùn-ún. Àmì méjì wà níbẹ̀ báyìí, ti ọkọ àti ti ìyàwó, ọ̀kan ń sọ pé má kọjá ibí, ọ̀kan ń sọ pé gbìyànjú dé ibí.

Ìyá Ràzíátù wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń wò ó. Sàlíhà kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ dé Bosomtwe. Ó retí kí ìyá náà sọ pé opó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í gun máṣíìnì kiri. Ìyá náà kàn wo ilẹ̀.

“Má jẹ́ kí Màgíríbì bá ọ lọ́nà,” ó ní.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún Yaseer láràárọ̀ gan-an nìyẹn. Sàlíhà yára wọ akoto sórí kí ìyá má baà rí ojú rẹ̀.

Ó gba Asafo, ó gba Ahinsan dé Atonsu, ó ń lọ díẹ̀, ó ń dúró díẹ̀ láàárín àwọn trotro, ọkọ̀ akérò ibẹ̀. Máṣíìnì náà ń kọ́, ó le bíi ti àwọn àárọ̀ tákábà yẹn. Nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ó fún un níná díẹ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ ń gun òkè. Bí òkúta kékeré bá ta lu irin, á rò pé gbì-gbì náà ti bẹ̀rẹ̀. Àádọ́ta. Ọgọ́ta. Ó ń gbàdúrà nínú akoto, kò sì mọ ohun tó ń sọ.

Kó tó dé Kuntanase, abẹ́rẹ́ kan àmì tirẹ̀. Ó kọjá a díẹ̀, ó dúró. Sàlíhà fetí sílẹ̀ fún gbì-gbì. Ojú ọ̀nà tẹ́ lọ, igi kòkó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà bá rọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ láìsí ìkìlọ̀. Há-há yẹn lọ, ìkọ́ náà lọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ohùn Yaseer ti ìrọ̀lẹ́, èyí tó máa ń wọ Asawase kó tó di Màgíríbì. Ọkàn rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ni Yaseer máa ń dé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a sì ti gbóná láti àárọ̀. Ẹ́ńjìnnì tútù kò ní ohùn yẹn nínú rárá.

Ó sunkún láti ibẹ̀ dé Abono létí adágún, kò sì dúró.

Etí adágún kún fún èrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ya ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ní fọ́tò, ọmọbìnrin náà ń bínú pé ó gé òun lórí. Apẹja kan jókòó lórí pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tukọ̀. Sàlíhà jókòó síbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí máṣíìnì. Ó fi àyè ẹnìkan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tó rí i, kò sún. Omi dákẹ́, ó tẹ́ lọ dé ẹsẹ̀ òkè ní ìhà kejì. Ó ti retí pé nǹkan kan yóò ṣẹlẹ̀ lọ́kàn òun níbẹ̀. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ibi tó dára ni, àfi pé èèyàn kan ló wá wò ó.

Nígbà tó ń padà, òkè tó gun kúrò létí adágún dúró ṣánṣán. Oòrùn mú, afẹ́fẹ́ sì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́, kò kan ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ kọjá àádọ́fà. Ó kọjá ọgọ́fà. Orí òkè kù díẹ̀, ó sì fẹ́ sáré, nítorí Màgíríbì. Ó wo àmì pupa tí ọkọ rẹ̀ ṣe, ó rí bí ó ṣe wọ́ díẹ̀ sápá kan níbi tí ọwọ́ Yaseer ti gbọ̀n nítorí ẹ̀rín. Ó rántí ẹni tó kán an síbẹ̀. Ó dúró, ó pa á, ó jókòó sétí ọ̀nà.

Ẹ́ńjìnnì ń dún tín, tín, bí irin ṣe ń tutù. Trotro kan kọjá, àwọn inú rẹ̀ yọ orí wò ó, ẹnìkan béèrè ní èdè Twi bóyá mótò kọṣẹ́. Ó juwọ́ sí wọn pé rárá. Ó dúró títí abẹ́rẹ́ fi sọ̀kalẹ̀ sáàárín àmì méjèèjì, ó tún un ta, ó gbá lẹ́ẹ̀kan.

Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tó yà wọ Asawase. Àwọn ènìyàn ti ń gbé búta lọ sí mọ́sálásí. Ó rọ iná rẹ̀ sílẹ̀ bí Yaseer ṣe máa ń ṣe, máṣíìnì náà sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọ àdúgbò. Ó wá yé e pé òun kò gbé ìró yìí wọ àdúgbò yìí rí. Inú ilé ló máa ń wà. Ní gbogbo ọjọ́ ayé Yaseer, òun ni ẹni tí ìró náà ń bọ̀ wá bá. Báyìí, òun ló ń gbé e bọ̀, kò sì sí ìyàwó kankan nínú ilé tó ń nu ojú.

Kó tó dé géètì, géètì ṣí.

Ìyá Ràzíátù ló ṣí i. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré, ìbòrí rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká, búta omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là láti pe orúkọ. Ó rí Sàlíhà. Fún ìgbà díẹ̀, ojú ìyá náà dà bí ilé tí iná kú nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Sàlíhà mọ ohun tó ń lé e wọ yàrá láràárọ̀. Kì í ṣe ìbínú. Ìyá náà ń gbọ́ máṣíìnì ọmọ rẹ̀ láràárọ̀, ohùn náà kì í sì í ṣe ohùn ọmọ rẹ̀. Kò lè fara dà á.

“Òun ni mo gbọ́,” ìyá náà ní. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an. “Mo gbọ́ ọ láti ọ̀ọ́kán.”

“Èmi náà gbọ́ ọ, Ìyá,” Sàlíhà ní.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìyá náà dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ fi búta ṣe. Lẹ́yìn náà ó tẹ ẹnu búta náà wálẹ̀. Sàlíhà sáré bọ́ akoto, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, omi sì dà sí i lọ́wọ́, ó ń ṣan eruku Kuntanase bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n pe ìrun. Àwọn méjèèjì kò dìde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí kan náà, wọ́n kọjú sí máṣíìnì, wọ́n ń gbọ́ bí irin gbígbóná ṣe ń dún tín, tín, ó ń falẹ̀, ó ń jìnnà síra, títí kò fi dún mọ́.